Kindle Paperwhite tòkunbọ̀ tí mò ń lò ní ìsọ̀ Ìtòkú: ṣé ó tó owó ẹ̀?

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí ká má baà fi àkókò ṣòfò: tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ìwé kíkà látilẹ̀ àmọ́ tí fóònù ti gba gbogbo àyè tẹ́ ẹ fi ń kà á lọ́wọ́ yín, ẹ ra Kindle Paperwhite, ẹ̀rọ ìkàwé tí ilé iṣẹ́ Amazon ń ṣe, kódà tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lowó yín ká, ẹ rà á. Tó bá jẹ́ pé ìwé yunifásítì tó jẹ́ PDF ńláńlá lẹ fẹ́ máa kà lórí ẹ̀, ẹ jẹ́ kówó yín ṣì wà lápò. Àlàyé mi gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá mọ ọjà wa mọ̀ pé kì í fìgbà gbogbo yá, àwọn tó ń ti Èkó àti Ìbàdàn wá á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, a ó ṣe tibí a ó ṣe tọ̀hún, tí wọ́n bá ti lọ tán ọjà á wá dákẹ́, ká kàn máa lé eṣinṣin. Àsìkò tó dákẹ́ yẹn ni mo máa ń fi kàwé láyé ọjọ́un, ìtàn àròsọ o, ìtàn ìgbésí ayé àwọn èèyàn ńlá o, ìwé ẹ̀sìn o, èyí tọ́wọ́ mi bá ṣáà ti bà. Fóònù ló ba nǹkan jẹ́. Kéèyàn tó ka ojú ewé kan tán ẹnì kan á ti fi WhatsApp ránṣẹ́ pé "Mọ́mì, ẹ bá mi ya fọ́tò elésè àlùkò yẹn", ọjà ni, a gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, àmọ́ tá a bá ti dáhùn tán ọwọ́ á ti sún lọ sí status, láti status dé fídíò, láti fídíò dé ibi tẹ́nì kan ti ń bú ẹnì kejì, nígbà tá a bá máa fi gbójú sókè àwọn ará ìsọ̀ kejì ti ń palẹ̀ mọ́. Ìwé ṣì wà lórí itan, ojú ewé kan náà.

Ohun tí Kindle kọ́kọ́ ṣe fún mi nìyí o, kó tó kan ọ̀rọ̀ bátìrì àti gbogbo ìyókù: kò mọ nǹkan míì ṣe. Kò sí WhatsApp nínú ẹ̀, ìpè ò lè wọlé, kò ní kámẹ́rà, kì í dún. Bráwúsà wà nínú ẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ ó falẹ̀ débi pé ó máa sú yín. Ìwé ló mọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e, ibi tẹ́ ẹ ka ìwé yín dé kẹ́yìn ló máa ṣí síwájú yín, ẹ ó kàn máa bá ìtàn lọ. Mi ò yí nǹkan kan padà nínú ọjà mi, fóònù ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó bá dún mo dá oníbàárà lóhùn mo sì padà sídìí ìwé mi, ìwé tí mo ti kà látìgbà náà pọ̀ ju èyí tí mo kà ní gbogbo ọdún tó ṣáájú ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé àkókò pọ̀ sí i. Àkókò yẹn ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, nǹkan míì ló ń jẹ ẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá rí i lọ́wọ́ mi máa ń rò pé tábílẹ́ẹ̀tì ni. Ọmọbìnrin kan tó wá ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́jọ́sí ní "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé tábílẹ́ẹ̀tì yín ti bàjẹ́ ni, kí ló dé tí gbogbo ẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun?" Mo ní kó gbé e, kó bọ́ sínú oòrùn kó wò ó dáadáa. Ó gbé e jáde, ó wá gbé fóònù tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ojú ara ẹ̀ ló ń rí nínú fóònù, kò rí nǹkan kan kà, àmọ́ lẹ́tà inú Kindle dúdú rekete, ńṣe ni oòrùn tún jẹ́ kó hàn sí i. Ó dákẹ́, ó kà á fún ìgbà díẹ̀, ó ní "àṣé bó ṣe rí nìyí." Bó ṣe rí nìyẹn. Fóònù ń tan iná sí wa lójú ni, torí náà òun àti oòrùn jọ ń jà. Èyí ò tan iná síni lójú, ìmọ́lẹ̀ tó bá wà nílẹ̀ la fi ń kà á, bá a ṣe ń fi ka bébà gan-an.

E Ink lorúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe ojú ẹ̀, inú yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà niṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ ní 1997, ọdún 10 lẹ́yìn ẹ̀ ni Amazon fi í ṣe Kindle àkọ́kọ́, 2007 nìyẹn. Àwọn àpò róbótó kéékèèké tí ojú ò lè rí ló kún abẹ́ ojú ẹ̀, inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní omi tó mọ́ gaara, ẹ̀tù dúdú àti ẹ̀tù funfun sì wà nínú omi ọ̀hún. Iná díẹ̀ ló máa ń ti dúdú sókè kó fa funfun sísàlẹ̀, tàbí kó ṣe é lódì kejì, ibi tí dúdú bá gòkè sí ni lẹ́tà ti jáde. Tó bá ti tò ó tán kò nílò iná mọ́ láti dúró síbẹ̀, àfi bí aṣọ tó ti jáde nínú aró tó ti gbẹ, iṣẹ́ ti tán, àwòrán ẹ̀ ti dúró nìyẹn. Ìdí nìyí tí bátìrì ẹ̀ fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí ojú ewé tuntun ló ń jẹ iná, àti iná kékeré tẹ́ ẹ bá tàn lálẹ́. Amazon ní ti 2021 tí mò ń lò yìí lè lo ọ̀sẹ̀ 10 kó tó nílò ṣáàjì, àmọ́ ìdajì wákàtí lóòjọ́ ni wọ́n fi ṣírò yẹn, pẹ̀lú kí wáífáì wà ní pípa, ẹni tó bá ń kà á bíi tèmi ò ní rí ọ̀sẹ̀ 10. Síbẹ̀ náà, mo máa ń gbàgbé ibi tí mo fi okùn ṣáájà ẹ̀ sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Abẹ́òkúta ẹ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Tí wọ́n bá mú iná lọ látàárọ̀ tí wọn ò sì mú un dé lálẹ́, páwà báǹkì tó wà nílé, fóònù ló máa kọ́kọ́ gbà á, tọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ á tẹ̀ lé e, kò sí èyí tó máa ṣẹ́kù fún ìgbádùn. Kindle ò bá ẹnikẹ́ni du iná.

Alẹ́ ló sì dùn jù. Iná 17 kéékèèké ló wà létí ẹ̀ tó ń tàn sórí ojú ìwé, kì í ṣe sínú ẹyinjú, ẹ lè dín in kù títí tó fi máa ku díẹ̀ báyìí, ẹ sì lè yí i kúrò ní funfun sí àwọ̀ ọsàn fẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní lé oorun lọ. Bàbá àwọn ọmọ mi tó jẹ́ pé tí mo bá tan fóònù nínú yàrá wọ́n á ní kí n pa á, wọn kì í tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn. Mo tún lè mú kí lẹ́tà tóbi tó bí mo ṣe fẹ́, ojú mi kì í ṣe tọmọdé mọ́, àwọn ìwé kan wà nílé tí mi ò lè kà mọ́ torí pé wọ́n to lẹ́tà wọn bí èèrà, lórí ẹ̀rọ yìí mi ò ní wàhálà kankan. Kò sì wúwo, ó dín díẹ̀ ní ìlàjì páálí ṣúgà alápòótí, èèyàn lè fi ọwọ́ kan dì í mú látìgbà tí ọkọ̀ ojú irin bá gbéra ní Ládérìn títí tó fi máa dé Èkó. Mo gbádùn ọkọ̀ ojú irin yẹn gan-an, látọdún 2021 tó ti ń gbé èrò, kò sí kí n gbé ẹrù lọ fún àwọn oníbàárà mi kí n má kàwé nínú ẹ̀, kò sí gìrìgìrì bíi tinú bọ́ọ̀sì, ojú kì í pọ́n èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ omi, torí àwọn aláró ẹgbẹ́ mi á fẹ́ mọ̀. Paperwhite látọdún 2018 ni omi kì í wọ̀, wọ́n ní ó lè wà nínú omi lásán tó jìn tó mítà 2 fún wákàtí kan. Omi lásán ni wọ́n sọ o. Aró tó ní sódà nínú kì í ṣe omi lásán, nítorí náà mi ò jẹ́ gbé e sún mọ́ ìkòkò. Àmọ́ tí ìka mi bá ṣì ní búlúù lára tí mo sì ti gbé e mú, aṣọ tí mo bá fi omi rin díẹ̀ ni mo fi ń nù ún, ó ń kúrò lójú ẹ̀ kíá, ara ike dúdú tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló máa ń ṣe agídí díẹ̀.

Ó yá, owó. Amazon dá 159.99 dọ́là lé Paperwhite tuntun tó jáde ní 2024, èyí tójú ẹ̀ jẹ́ ínṣì 7, ẹ ṣírò ẹ̀ sí náírà, kẹ́ ẹ wá fi owó ẹrù àti èrè ẹni tó kó o wọlé lé e, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ti 2021 ni mo rà, ínṣì 6.8, 8GB, tòkunbọ̀, owó ẹ̀ lé díẹ̀ ní ₦100,000, àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ló bá mi wá a. Ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ tà á fún wa, àkáǹtì ẹni ẹlẹ́ni ṣì wà lórí ẹ̀, ó ní ká máa lò ó bẹ́ẹ̀, pé kò sí wàhálà. Àbúrò mi ní ó tì o, ó kúrò níbẹ̀. Òun ló sì tọ́, torí tẹ́ni tó ni ín bá ti fi tó Amazon létí pé wọ́n jí i, wọ́n lè dí i pa, ẹ ò ní lè fi àkáǹtì tiyín wọlé láéláé. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kẹ́ ẹ fi àkáǹtì tiyín wọlé lójú ẹ̀, fóònù yín lè fún un ní wáífáì. Ẹ wo etí ojú ẹ̀ yíká bóyá ìlà tàbí àbàwọ́n wà níbẹ̀, torí tí E Ink bá ti sán kò ṣe é tún ṣe. Ẹ wo ẹnu ṣáájà ẹ̀ pẹ̀lú, ti 2021 sókè ń lo USB-C tí fóònù tuntun ń lò, ti ìṣáájú ń lo okùn àtijọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ìpolówó lójú ẹ̀ nígbà tó bá wà ní pípa, kò bàjẹ́, bí wọ́n ṣe tà á ní Amẹ́ríkà nìyẹn, wọ́n máa ń fi 20 dọ́là dín owó ẹ̀ fẹ́ni tó bá gbà kí ìpolówó máa hàn.

Níbo wá la ti ń rí ìwé? Ìlú wa yìí ni wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà jáde, Ìwé Ìròyìn ti 1859, ìlú wa yìí náà ni Aké Festival, àjọ̀dún ìwé àwọn òǹkọ̀wé, ti bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ní Cultural Centre ní Kútọ̀, wọ́n sì ṣe é níbẹ̀ títí wọ́n fi kó o lọ sí Èkó ní 2018, ó dùn mí títí dòní. Ẹ rìn láti Ṣapọ́n dé Pánṣẹ́kẹ́ báyìí, ìwé ilé ìwé àti ìwé àdúrà lẹ ó rí jù. Okadabooks, ìkànnì ìwé táwa tá a fẹ́ràn ìwé ọmọ Nàìjíríà gbójú lé náà kógbá wọlé ní 2023. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ yìí ní Abẹ́òkúta ti ní ilé ìwé kíkà tiẹ̀ nìyẹn, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Tọ̀fẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Project Gutenberg, ìkànnì ìwé ọ̀fẹ́, ti wà láti 1971, ìwé tó lé ní 70,000 ló wà níbẹ̀, àwọn ìwé àtijọ́ tí àṣẹ òǹkọ̀wé ti kúrò lórí wọn, kò sí kọ́bọ̀ kan tẹ́ ẹ máa san, kò sì lòdì sófin. Ẹ dáńlóòdù EPUB, ìyẹn irú fáìlì tí wọ́n fi ń ṣe ìwé orí ẹ̀rọ, ẹ fi Send to Kindle rán an sí àdírẹ́sì ímeèlì tí wọ́n fún ẹ̀rọ yín, tí wáífáì bá ti wà á wọlé fúnra ẹ̀, láti 2022 ló ti ń gba EPUB. Dátà tó ń jẹ ò tó nǹkan, fídíò kúkúrú kan ṣoṣo ju ìwé ńlá tó máa gbà yín ní ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà kó fi Calibre síbẹ̀, ọ̀fẹ́ lòun náà, ó ń to ìwé lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ń yí irú fáìlì kan padà sí òmíràn. Ìwé tuntun ni ẹ máa fi owó rà, ẹ ó nílò káàdì tó lè san dọ́là.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí lọ́kàn jù ni ìwé Yorùbá. Bàbá kan ládùúgbò wa ti kọ ìtàn ìdílé wọn, bí àwọn baba ńlá wọn ṣe sá kúrò nínú igbó Ẹ̀gbá títí tí wọ́n fi dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, inú ìwé kíkọ alábala gbọọrọ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ọmọọmọ wọn kan wá tẹ gbogbo ẹ̀ sórí Word, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi. Mo jù ú sórí Kindle. Àmì ohùn ò jókòó síbi tó yẹ, àmì orí "ẹ̀gbọ́n" ti sún sórí g, àwọn ibì kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ àpótí òfìfo ló hàn. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì FUNAAB ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ó ní "Mọ́mì, ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú kọ̀ǹpútà, àmọ́ téèyàn bá ti fi àmì ohùn sórí ẹ tàbí ọ, nǹkan méjì ni kọ̀ǹpútà ń tò lé ara wọn, fọ́ǹtì tí wọn ò kọ́ bó ṣe máa tò ó á kàn fi í síbi tó bá rí." Ó dáńlóòdù fọ́ǹtì Noto Serif tí Google ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, ó fi okùn so Kindle mọ́ kọ̀ǹpútà, ó jù ú sínú fódà tó ń jẹ́ fonts, ó wá lọ mú un níbi tí wọ́n ti ń yan lẹ́tà. Gbogbo àmì padà sáyè wọn wẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka Yorùbá, ẹ má gbàgbé èyí, òun ló máa mú kẹ́ ẹ gbádùn ẹ̀, torí Yorùbá tí àmì ẹ̀ tú ká, títún un rò lórí lásán á ti mú kó rẹni.

Mo gbé e lọ bá Bàbá. Wọ́n kọ́kọ́ wọ gíláàsì wọn, wọ́n gbé e sún mọ́jú, mo fi ìka méjì fẹ lẹ́tà ẹ̀ títí tó fi tóbi dáadáa, wọ́n bá bọ́ gíláàsì. Wọ́n kà á, ètè wọn ń mì. Wọ́n ní "Ìyàwó wa, ta ló bá mi tẹ ìwé mi jáde?" Mo ní ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀ ẹ́ jáde o Bàbá, èyí tẹ́ ẹ kọ fúnra yín náà ni. Wọ́n ṣì ń kà á ni wọ́n rí orúkọ baba ńlá wọn kan tí wọ́n fi àmì òdì sí, wọ́n fi ìka tọ́ka sí i kí n lè rí i, ìka wọn kan ojú ẹ̀, ojú ewé ṣí lọ síwájú, Bàbá ní "ó tún ti sá lọ!" A dá a padà, mo kọ àtúnṣe náà sílẹ̀, ọmọọmọ wọn ti tún un ṣe. Àwọn ọ̀rọ̀ bí èyí pọ̀ nínú ilé wa káàkiri, nínú àpótí àwọn àgbà, tẹ́nì kan bá lè tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì tó péye, ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ yìí lè kà á lálẹ́ òní.

Àléébù ẹ̀ wà. PDF ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: PDF kì í tún ara ẹ̀ tò, bí wọ́n ṣe to ojú ewé A4 ló ṣe máa há sínú ínṣì 6.8, lẹ́tà á wá kéré, ẹ ó máa fà á síbí fà á sọ́hùn-ún. Àwọn ìwé àtijọ́ nípa Yorùbá tí wọ́n ya fọ́tò wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ irú PDF bẹ́ẹ̀, ó dùn mí, kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ka ìyẹn. Kò yára bíi fóònù, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á ronú díẹ̀, ojú ẹ̀ á ṣẹ́jú pòó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó lè nu lẹ́tà tó kọjá. Àwọ̀ ò sí, ìwé tó bá ní àwòrán aṣọ ò wúlò fún mi lórí ẹ̀. Èyí tó ní àwọ̀ ti wà báyìí látọdún 2024, Kindle àti Kobo, ẹ̀rọ ìkàwé míì, ló ní i, àmọ́ àwọ̀ wọn ò tàn bíi ti fóònù, owó wọn sì ga jù. Kobo fúnra ẹ̀ dáa fẹ́ni tí kò fẹ́ fi Amazon ṣe, Rakuten ti Japan ló ni ín, ó ń ṣí EPUB ní tààrà láìsí pé ẹ fi ránṣẹ́ gba ibì kankan, tọwọ́ mi bá kọ́kọ́ kàn án ni ǹ bá rà á. Kindle lọjà tòkunbọ̀ wa pọ̀ sí.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tiẹ̀ kó tètè ra àpò fún un lọ́jọ́ kan náà, torí ojú ẹ̀ kì í fara da kéèyàn jókòó lé e tàbí kó há sáàárín ẹrù, owó ojú tuntun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀rọ míì. Àjákù àdìrẹ oníko ni mo fi rán tèmi, mo fi fóòmù tẹ́ inú ẹ̀, àwọn mélòó kan ṣì wà ní ìsọ̀ fẹ́ni tó bá ń kọjá ní Ìtòkú.